Bí kónílé-ó-gbélé bá tún dé, kí la máa jẹ?

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò pé kò sí ìgbà tí àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn ò lè yọjú, ọkàn mi ò sì balẹ̀ mọ́ látìgbà náà. Báwo lẹ ṣe jẹun ní 2020? Tí wọ́n bá tún ní ká jókòó sílé báyìí, kí ló wà nílẹ̀? Ní tiwa l'Ógùn, a ṣì rí ààyè mí díẹ̀, torí wọ́n ń ṣí i fún wa lọ́jọ́ kan lẹ́yìn òmíràn, aago méje àárọ̀ sí méjì ọ̀sán. Àmọ́ àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú. Ẹni tí ò ròde, kí ló fẹ́ fi àdìrẹ ṣe? Àjákù aṣọ ni mo kó fún télọ̀ àdúgbò, ó fi rán ìbòmú, òun la fi rówó ra epo àti iyọ̀. Ẹ sọ tiyín.

Ọmọ Bàbá Olówó
Ààwẹ̀ Ràmàdáánì bọ́ sí i lóṣù Kẹrin. Àwa tí kì í gbààwẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà gbà á.

Awakọ̀ Ìyànà-Ìpájà
Dáńfó ni mò ń wà nígbà náà, mò ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Alẹ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, aago mọ́kànlá, ọ̀nà tì. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí ọ̀gá fi pè mí, ó ní kí n má gbàgbé owó òun. Mo ní ọ̀gá, ọ̀nà ti tì. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ìwé tí a jọ fọwọ́ sí ò sọ pé ọ̀nà lè tì. Mo yọ bátìrì ọkọ̀, mo gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, torí àwọn ọmọ àdúgbò tí ò ríṣẹ́ ṣe ti ń wo ọkọ̀ náà tẹnu-tẹnu.

Ìyàwó mi ló gbé wa dúró. Àkàrà àti dùndú ló ń dín lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ rò ó wò, gbogbo èèyàn wà nílé láti àárọ̀ dalẹ́, ọmọ ń ké, ẹnu ń wá nǹkan jẹ. Àkàrà tà ju bó ṣe ń tà tẹ́lẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n tú wa sílẹ̀ lọ́jọ́ 4 oṣù Karùn-ún, wọ́n ní ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún èrò ni ká máa gbé. La bá fowó lé owó. Ẹ ń bú wa. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ìbá san owó àyè tó ṣófo?

Ìyá Alátà, Bódìjà
Awakọ̀, ẹ bá mi kí ìyàwó yín. Àyè tó ṣófo ti kún padà látọjọ́ yìí, owó yín ò tíì wálẹ̀.

Awakọ̀ Ìyànà-Ìpájà
Màmá, epo ńkọ́? Ẹ wo iye tí wọ́n ń ta lítà kan.

Tíṣà Àgbà
Ẹ jẹ́ kí n sọ tàwa olùkọ́ iléèwé aládàáni. Kí ọ̀nà tó tì rárá ni wọ́n ti ti iléèwé. Owó oṣù Kẹta wá lábọ̀. Ti oṣù Kẹrin, àtẹ̀jíṣẹ́ ló wá dípò rẹ̀: "Ẹ jẹ́ ká máa fi àdúrà ran ara wa lọ́wọ́." Mo ní ọmọ mẹ́ta. Ẹ gbé àdúrà lọ bá onígààrí kí ẹ gbọ́ ohun tó máa sọ fún yín.

Nígbà tí wọ́n tú ìlú sílẹ̀ tán tí iléèwé ṣì wà ní títì, mo lọ ń ru búlọ́ọ̀kù níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ọmọ kíláàsì mi kan kọjá, wọ́n rán an níṣẹ́. Ó rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú ike epo lọ́wọ́: "Ẹ káàárọ̀ sà!" Gbogbo lébìrà yíjú. Látọjọ́ yẹn títí iṣẹ́ fi parí, Sà ni wọ́n ń pè mí. "Sà, ẹ gbé simẹ́ńtì wá." Oṣù Kẹwàá la tó padà dé iwájú pátákó.

Onísùúrù
Nínú iyẹ̀pẹ̀! Àbíire lọmọ yẹn.

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta
Tíṣà, ẹ kú ìyà o. Omi bọ́ lójú mi, ẹ̀rín tún gbà á mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo Ni Iléèwé
Tíṣà, mo bá yín kẹ́dùn, àmọ́ ẹ gbọ́ tẹnu àwa náà. Owó tí òbí ń san la fi ń sanwó oṣù. Sáà kẹta ò wáyé, wọn ò san kọ́bọ̀. Àwọn tó jẹ gbèsè sáà kejì gan-an pa fóònù. A gbé ẹ̀kọ́ lọ sórí WhatsApp, a ní kí wọ́n san ìdajì. Òbí kan ní òun ló ń ra dátà, òun ló ń jókòó ti ọmọ, ká wá sanwó fún òun. Mo ta jẹnẹrétọ̀ iléèwé kí n tó rí nǹkan fún àwọn olùkọ́ mi. Kò sẹ́ni tó ń sọ ìyẹn.

Ọlọ́mọ Mẹ́rin
Bí kì í bá ṣe èmi lòbí yẹn, ẹni tó jọ mí ni. Fóònù kan, ọmọ mẹ́rin, kíláàsì mẹ́rin, gbogbo wọn ní aago mẹ́wàá. Ìyáàfin, èwo ni kí n kọ́kọ́ fún nínú wọn?

Mo Ni Iléèwé
Ẹ lè ní ká yí àkókò ti ẹnì kan padà.

Ọlọ́mọ Mẹ́rin
Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà ni ẹ ò dá mi lóhùn.

Tíṣà Àgbà
Mi ò bá ọ̀gá iléèwé kankan jà níbí. Àmọ́ tiwa kọ́ òkè kún ilé rẹ̀ lọ́dún yẹn.

Aríyànjiyàn
Tíṣà, ẹ má sọ fún mi pé búlọ́ọ̀kù tí ẹ rù…

Tíṣà Àgbà
Mi ò sọ nǹkan kan o.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham
Ẹ kú àfaradà. Lọ́dọ̀ wa ní London, ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ni wọ́n ti wa mọ́lé. Ẹni tí iléeṣẹ́ rẹ̀ bá ní kó lọ jókòó, ìjọba ń san ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, kò kàn gbọdọ̀ ju £2,500 lọ lóṣù. Ìparí oṣù Kẹsàn-án 2021 ni wọ́n tó dá a dúró. Ẹ má rò pé gbogbo wa ló kàn o. Àwọn tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá pè wọ́n nìkan ni wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò rí nǹkan kan gbà. Ẹni tí wọ́n sì kọ ọ́ sí físà rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó ìrànwọ́, bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ibo ló fẹ́ gbà? Èmi ń tọ́jú àwọn arúgbó, a ò jókòó rárá. Owó mi ń wọlé déédéé. Gbogbo ẹbí ló sì mọ̀ pé ó ń wọlé déédéé.

Ọmọ Bàbá Olówó
Ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún! Búrẹ́dì la pín níbí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham
Àbúrò bàbá mi kan tí a ò jọ sọ̀rọ̀ látìgbà ìsìnkú bàbá mi fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Oríkì mi ló fi bẹ̀rẹ̀, ó kì mí dé ìdí.

Onísùúrù
Èló lẹ fi ránṣẹ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham
Ẹ ò mọ bí oríkì yẹn ṣe gùn tó ni.

Màmá Agége
Àdúgbò wa náà rí tiwọn. Àpò kékeré kan ni: ìrẹsì ìwọ̀nba, ẹ̀wà ìwọ̀nba, gààrí, pẹ̀lú búrẹ́dì tó ti lé téńté. Alága ní ti àwọn arúgbó ni. Mo bá so ìborùn mọ́rí, mo tẹ̀ díẹ̀.

Aríyànjiyàn
Ẹ gbàgbé ilé ìkẹ́rùsí Mazamaza l'Ékòó tí àwọn èèyàn fọ́ ni? Oúnjẹ tó yẹ kí wọ́n pín fún wa ló ṣì kún ibẹ̀ lóṣù Kẹwàá ọdún náà.

Onísùúrù
Ẹni tó lọ fọ́ ilẹ̀kùn kó o, olè ni.

Aríyànjiyàn
Ẹni tó tì í mọ́ ilẹ̀kùn nígbà tébi ń pa wá ńkọ́?

Onísùúrù
Ìjọba ní àwọn ṣì ń pín in lọ́wọ́ ni.

Aríyànjiyàn
Títí di oṣù Kẹwàá! Ìgbín ni wọ́n fi ń gbé e kiri ni?

Òótọ́ Korò
Kò sí àrùn kankan. Ọgbọ́n owó ni gbogbo ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì
Ọ̀gbẹ́ni, ibi tí wọ́n ń gbé wọn wá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká máa bá ọ̀rọ̀ oúnjẹ lọ.

Òótọ́ Korò
Ẹ máà bínú, mà.

Ará Aláàgbàdo
Owó oúnjẹ lẹ ń sọ, ẹ ò sọ owó táyà. Nígbà tí ariwo àwọn ẹgbẹ́ olè One Million Boys àti Awawa gbòde, ta ló ń sùn? Wọ́n ní kí ojúlé kọ̀ọ̀kan mú ọkùnrin kan wá, ilé tí ò bá ní ọkùnrin, kó mú owó wá. Bàbá onílé wa tó ń tẹ̀pá, ó gbé àdá jáde, ó ní òun ló máa ṣáájú. Ìyá onílé se ẹ̀wà ìkòkò ńlá, ó da ata dindin lé e, aago méjì òru la ń jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà tó ń jó, èéfín ń ta wá lójú, àwọn tí ò kí ara wọn látìgbà ìjà omi kànga ń bu òkèlè nínú abọ́ kan náà, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní ká má fara kanra. Olè kankan ò wá. Ibi tí mò ń lọ ni pé ìdí ẹ̀wà yẹn ni bàbá onílé ti ní òun ò ní béèrè owó ilé títí ọ̀nà á fi là. Kò sì béèrè. Ọmọ ẹ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ìyẹn ìtàn mìíràn.

Màmá Agége
Ẹ sọ ìtàn mìíràn yẹn.

Ará Aláàgbàdo
Ó wà ní kóòtù.

Alájọ, Mushin
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀. Alẹ́ Sọ́ńdè ni Buhari bá wa sọ̀rọ̀, kí ilẹ̀ Mọ́ńdè tó mọ́, àwọn oníbàárà ti to ẹnu ọ̀nà mi. Gbogbo wọn fẹ́ kó àjọ wọn lọ́jọ́ kan náà. Apá kan wà ní báǹkì, apá kan wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà tó yá a. Mo kọ́kọ́ san tàwọn opó, mo fún àwọn yòókù ní ìdajì, mo san ìyókù nígbà tí ọjà ṣí. Ẹnì kan ò gbà, ó gbé tábìlì mi lọ.

Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí nìyí. Ebi kọ́ ló ba ọ̀pọ̀ oníbàárà mi jẹ́. Owó ọjà ni wọ́n jẹ. Ẹni tó ń ta tòmátì, owó tó fẹ́ fi ra apẹ̀rẹ̀ kejì ló fi ra gààrí sílé. Ọ̀nà là, kò rí nǹkan gbé lọ sọ́jà, ó bá lọ yáwó elélé. Láti 2020, àwọn kan wà tí wọn ò tíì bọ́ nínú gbèsè yẹn. Tó bá tún dé, ẹ ya owó ọjà sọ́tọ̀ kó má wà níbi tí ọwọ́ yín tètè ń dé. Ẹ jẹ ìyókù.

Ìyá Alátà, Bódìjà
Òótọ́ pọ́ńbélé. Ìbàdàn ò tì pa bíi tiyín, agogo méje alẹ́ ni wọ́n ní ká máa wọlé, síbẹ̀ owó ọjà mi lọ síbẹ̀.

Ọlọ́mọ Mẹ́rin
Owó elélé yẹn tiẹ̀ sàn. Orí fóònù lèmi ti yá tèmi. Mo pẹ́ díẹ̀, wọ́n fi àwòrán mi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù mi pé ọ̀daràn ni mí. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí pásítọ̀ wa.

Onísùúrù
Kí ni pásítọ̀ sọ?

Ọlọ́mọ Mẹ́rin
Ó ní ká jọ gbàdúrà, àwọn kan náà ń wá òun.

Aríyànjiyàn
Alájọ, tábìlì yín ńkọ́?

Alájọ, Mushin
Ó ń fi í ta káàdì. Mo máa ń kọjá níbẹ̀.

Màmá Agége
Báǹkì kọ́ ni kí ẹ kó gbogbo owó sí o. Ẹ rántí oṣù Kejì 2023, owó wà ní báǹkì, a ò rí i gbà. Àwọn oní-POS ń ta owó fún wa bí ẹni ń ta ọjà. Ẹ fi díẹ̀ sílé.

Ọmọ Bàbá Olówó
Nílé, kí ọmọ ìyá mi rí i.

Ìyá Alátà, Bódìjà
Ẹ fi owó ra oúnjẹ nígbà tó bá pọ̀ lọ́jà. Ẹ̀wà tuntun, ẹ ṣà á, ẹ sá a dáadáa, ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì kó kún dé ọrùn, ẹ dé e pinpin. Kòkòrò tó bá wà níbẹ̀ ò ní rí afẹ́fẹ́ mí. Ẹlòmíì ń fi ata gbígbẹ sí i. Ẹ má ṣe fi oògùn ẹ̀fọn àti apakòkòrò sí i o, NAFDAC ti pariwo ẹ̀ títí.

Tíṣà Àgbà
Màmá, èló lẹ rò pé ó wà lọ́wọ́ wa? Ní ìparí oṣù Kẹta 2020, lítà bẹntirólù jẹ́ ₦125, owó oṣù tó kéré jù jẹ́ ₦30,000. Ó di ₦70,000 ní 2024, ẹ wá béèrè lọ́wọ́ ìyàwó mi bóyá ó ra tó èyí tí ₦30,000 ń rà. Ẹ̀wà tí mo bá rà lọ́jọ́ Sátidé, kò ní bá kẹ́ẹ̀gì pàdé.

Awakọ̀ Ìyànà-Ìpájà
Ìyàwó mi ní ká máa dá a pọ̀. Ilé mẹ́rin-márùn-ún, àpò ẹ̀wà kan, ká pín in.

Aríyànjiyàn
Ta ló máa tọ́jú ẹ̀? Ẹ má dárúkọ alága àdúgbò.

Màmá Agége
Lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á ni kí ẹ pín in. Kó má sùn nílé ẹnikẹ́ni.

Ìyá Alátà, Bódìjà
Mo ní kẹ́ẹ̀gì lítà 25 nílẹ̀ o, èyí tí wọ́n fi gbé epo pupa wá. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ táútáú. Bí omi bá kù níbẹ̀, ẹ̀wà yẹn máa bu.

Tíṣà Àgbà
Èló ni kẹ́ẹ̀gì kan?