Òkúta àti bíríkì ní ẹnu ọ̀nà iwájú ilé: kí ló máa ń bàjẹ́ níbẹ̀?

Onílé Abẹ́òkúta: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òkúta la fẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri ẹnu ọ̀nà, kí òpó méjèèjì jẹ́ bíríkì sísun. Kí la máa ṣọ́ra fún?

Birikìlà Ẹ̀gbá: Òkúta tó ń já bọ́ ni. Ògiri tí wọ́n ti rẹ́ tó dán, tàbí tí wọ́n ti kùn lọ́dà, òkúta kì í dì mọ́ ọn. Ẹ fi ṣísẹ́ẹ̀lì sá a káàkiri, ẹ fọ eruku rẹ̀, ẹ fi símẹ́ǹtì ìwọ̀n 1 àti yanrìn ṣáàpù 2 tó ṣàn wọ́n ọn, kó gan di ọjọ́ kejì. Ìwọ̀n 1 sí 3 ni ẹ ó wá fi lẹ òkúta. Ẹ fi símẹ́ǹtì náà kún ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Tí ẹ bá kàn án tó ń dún kókó, ihò wà níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ihò yẹn gan-an! Omi á wọ̀ ọ́, àbààwọ́n funfun á wá máa yọ lójú ìsopọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Yanrìn etí òkun ló ń fa funfun.

Ayàwòrán Ilé: Òkun wo ló wà l'Abẹ́òkúta? Bíríkì fúnra rẹ̀ lè ní iyọ̀ nínú, omi ilẹ̀ á sì gbé e jáde. Ẹ tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sábẹ́ bíríkì òpó, kó fi 150 mm ga ju ilẹ̀ lọ.

Birikìlà Ẹ̀gbá: Kí ẹ sì rẹ bíríkì sómi kí ẹ tó tò ó. Èyí tó gbẹ á fa omi inú símẹ́ǹtì mu.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Àtẹ̀gùn ńkọ́? Gìráníìtì dídán ló rẹwà jù.

Ayàwòrán Ilé: Níbi tí òjò ń pa? Rárá o. Èyí tí wọ́n fi iná jó lójú ni kẹ́ ẹ lò, kì í yọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn máa ń gba ìdọ̀tí.

Ìyá Ìbejì: Búrọ́ọ̀ṣì àti omi ọṣẹ ń bẹ, àbúrò. Ẹsẹ̀ tó bá kán ńkọ́?

Birikìlà Ẹ̀gbá: Ẹ má sì fi ásíìdì fọ̀ ọ́, ó ń jẹ símẹ́ǹtì ìsopọ̀.

Onílé Abẹ́òkúta: Gíga àtẹ̀gùn?

Ayàwòrán Ilé: 150 mm, ibi ìtẹ̀sẹ̀ 300 mm. Ẹ ka ìnípọn gìráníìtì mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹ kò bá kà á, ọ̀kan á ga ju ìyókù lọ, ibẹ̀ lèèyàn ti máa kọsẹ̀. Kí ojú pèpéle sì fi 15 mm rẹlẹ̀ síta ní mítà kọ̀ọ̀kan, kí omi má baà padà sídìí ìlẹ̀kùn.