Fọ́tò Zuma tí kò yí ká: kí ni ká máa pe panorama?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Minna dábàá pé "àwòrán àyíká" ni ká máa pe panorama, ìyẹn fọ́tò gbọọrọ tó ń fi ibi tó fẹ̀ hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Àbúrò wa kan fèsì pé "àwòyíká" ló dáa jù, torí ẹni tó ń yà á ní láti máa yí kámẹ́rà. Iṣẹ́ fọ́tò ni mo fi ń jẹun níbí ní Kubwa, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lọ́kàn mi látọjọ́ yẹn. Ó máa ń dùn mí bí mo bá ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ mi níṣẹ́ tí Yorùbá sì tán lẹ́nu mi.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, àyíká ti níṣẹ́ tó ń ṣe. Bí mo bá sọ fún oníbàárà pé àwòrán àyíká ni mo yà, gọ́tà àti ààtàn àdúgbò ni ọkàn rẹ̀ máa lọ sí. Ìmọ́tótó àyíká, ààbò àyíká: ẹrù orí ọ̀rọ̀ yẹn ti tó.

"Àwòyíká" ló gba àròjinlẹ̀. Mo lọ ya àpáta Zuma láàárọ̀ Sátidé kan, lẹ́bàá títì Àbújá sí Kàdúná, nítòsí Madalla. (Àpáta Àbújá ni ọ̀pọ̀ ń pè é, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Niger ló wà. Òun ni wọ́n yà sẹ́yìn owó 100 náírà.) Mo gbé kámẹ́rà lé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo ya fọ́tò méje láti òsì lọ sọ́tùn-ún. Mo jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gun orí èyí tó ṣáájú rẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta, kí kọ̀ǹpútà lè rí ibi tí yóò ti rán wọn pọ̀. Tírélà kan kọjá nígbà tí mo wà lórí ìkẹrin. Nígbà tí mo rán gbogbo rẹ̀ tán, orí tírélà náà wà lójú títì, ìdí rẹ̀ kò sí níbì kankan.

Ohun tó kù nínú fọ́tò náà ni àpáta, oko, òrùlé páànù àti ojú ọ̀run tó lọ salalu. Ohun tó wà lẹ́yìn mi kò sí níbẹ̀. Fọ́tò náà kò yí ká, síbẹ̀ panorama ni. Ohun tó sọ ọ́ di panorama ni pé ìwò méje parapọ̀, wọ́n sì mú gbogbo ohun tó wà níwájú mi láìku ibì kan.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ ọ̀rọ̀ kẹta, "àwòkárí". Níbi ìnáwó, bí wọ́n bá ń pín ìrẹsì, ohun tí ìyá ìyàwó máa ń béèrè ni pé, "Ṣé ó kárí?" Kò bìkítà bóyá apínrẹsì yípo àgọ́ tàbí kò yípo. Kí ó ṣáà má ku ẹnikẹ́ni tí kò rí jẹ. Iṣẹ́ tí fọ́tò yìí ń ṣe gan-an nìyẹn: gbogbo ẹ̀gbẹ́ ló rí tirẹ̀ gbà.

Ẹ tún wo ibi tí orúkọ panorama ti wá. Ayàwòrán kan ní Edinburgh, Robert Barker, gba ìwé àṣẹ lórí irú àwòrán yìí ní 1787. Àwòrán tirẹ̀ yí ká lóòótọ́, dìgírì 360, òǹwòran á dúró sáàárín. Orúkọ Faransé kan tó gùn ló kọ́kọ́ sọ ọ́, kó tó di pé wọ́n fi Gíríìkì pè é ní panorama: "gbogbo" àti "ohun tí a rí". Àwòrán náà rí roboto, àmọ́ kò sí yíyí nínú orúkọ rẹ̀. Gbogbo ni wọ́n mú.

Mi ò ní ká sọ àwòyíká nù o. Bí èèyàn bá gun òkè Dala láàárín Kánò, tó yípo pátápátá títí tó fi padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, àwòyíká gidi nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fi pamọ́ fún onídìgírì 360, kó jẹ́ ọmọ kan nínú ilé àwòkárí.

Ẹnì kan kọ sí mi pé bí wọn kò bá fi àmì sí i, "awokari" lè di ọ̀rọ̀ awo. Ṣé a ti rí ẹni tó ka àwòrán tàbí àwòkọ́ṣe sí ọ̀rọ̀ awo rí? Àwòmáleèlọ náà wà níbẹ̀, kò sì ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Àwòkárí tún rọrùn láti fi ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe: "Yà á kárí." Ọmọ iṣẹ́ mi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kò béèrè ìtumọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tó kù láti túmọ̀. Sukur ní Adamawa, tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 1999, òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, "cultural landscape" ni wọ́n kọ ọ́ sí, ìyẹn ilẹ̀ tí ìṣẹ̀dá àti iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn jọ parapọ̀ sí. Ààfin Hidi, olórí ìlú náà, wà lórí òkè, oko onípele tí wọ́n fi òkúta gbá létí sì wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀. "Ojú ilẹ̀" nìkan kò gbé e, torí ọwọ́ èèyàn wà nínú ilẹ̀ náà. Ṣé "ilẹ̀ ajẹmáṣà" tó, àbí ẹ ní èyí tó jù ú lọ?