Wọ́n pè mí sí ìgbìmọ̀ ìwádìí: kí ni kí n béèrè?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti àbúrò mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, mo ti lé ní 50 ọdún, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń lo oògùn HIV. Kòkòrò náà ò hàn nínú ẹ̀jẹ̀ mi mọ́, ọpẹ́ ni f'Ólúwa. Ọjọ́ ogbó ni mò ń rò báyìí.

Àwọn olùwádìí kan fẹ́ mọ bí àwa obìnrin tó ní kòkòrò yìí ṣe lè darúgbó nínú ìlera. Wọ́n ní kí n wà lára ìgbìmọ̀ tí yóò yan ìbéèrè tí wọ́n máa ṣèwádìí lé lórí. Inú mi dùn gan-an. Ooru tó ń mú wa lóru nígbà tí nǹkan oṣù bá dúró, egungun, àìróorunsùn: ta ló ń bi wá? Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní REPRIEVE fi hàn lọ́dún 2023 pé pitavastatin, oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, ń dín àrùn ọkàn kù lára àwa tó ní HIV, láti 40 sí 75 ọdún. Ṣé a máa rí i rà níbí?

Ìdílé ọkọ mi ò mọ̀. Bí mo bá pàdé ẹnì kan nínú wọn níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, kí ni kí n béèrè kí n tó fọwọ́ síwèé? Ṣé wọ́n máa ń san owó ọkọ̀? Bí mo bá sì yọwọ́, ṣé kò ní kan ìtọ́jú mi?