Bí mo ṣe fi rédíò mi kún CHIRP: ẹ wá sọ tiyín

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Ẹnìkan béèrè bóyá ẹni tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nídìí kóòdù lè fi rédíò tí CHIRP, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí a fi ń to ṣánẹ́lì sínú rédíò láti orí kọ̀ǹpútà, ò tíì mọ̀ kún un. Ó lè ṣe é. Èmi náà, Python díẹ̀ tí mo fi ń to fáìlì ni mo mọ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ díẹ̀ ló kù kí n ba rédíò tuntun jẹ́ kó tó yé mi, ibẹ̀ ni n ó sì ti mú ìtàn náà.

Rédíò alágbèéká kan ni mo rà. Sọ́fítíwíà tó bá a wá, Windows nìkan ló ń gbà, bẹ́ẹ̀ Linux ni mò ń lò. Mo ṣí CHIRP, mo wá orúkọ rédíò náà títí, kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí òmíràn tó jọ ọ́ bí ìbejì: ojú kan náà, bọ́tìnnì kan náà, kódà ìwé ìlò wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Mo ní ṣebí ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo yan ìyẹn, mo fa mẹ́mórì jáde láti inú rédíò, ó wá wẹ́rẹ́. Mo kọ ṣánẹ́lì mẹ́wàá sí i, mo tì í padà. Rédíò kú, ó tún tàn, ó dún lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ṣánẹ́lì sì wá ń gbé fíríkúẹ́ńsì tí èmi ò kọ síbẹ̀ jáde. Bọ́tìnnì ìsọ̀rọ̀ ò gbọ́ràn mọ́.

Ohun tó yọ mí ni pé mo ti tọ́jú fáìlì .img tí mo kọ́kọ́ fà jáde, kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo tì í padà, ara rédíò balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe eré pẹ̀lú fáìlì àkọ́kọ́ yẹn. Kì í ṣe ṣánẹ́lì nìkan ló ń gbé inú mẹ́mórì rédíò. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kọ ìwọ̀n agbára àti squelch (èyí tó ń pa ariwo rédíò mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀) tí wọ́n fi tún rédíò yẹn gan-an ṣe nílé iṣẹ́. Bí ẹ bá kọ nǹkan mìíràn lé e tí ẹ ò ní ẹ̀dà, ọ̀rọ̀ di ẹjọ́.

Ọjọ́ náà ni mo pinnu pé n ó kọ driver tirẹ̀, ìyẹn kóòdù tó ń jẹ́ kí CHIRP lè bá a sọ̀rọ̀, fúnra mi. Èyí tó gba àsìkò jù kì í ṣe Python rárá. Jíjókòó ti rédíò ni, kéèyàn máa yí nǹkan ẹyọ kan, kó fà á jáde, kó fi wé ti tẹ́lẹ̀, kó tún yí òmíràn. Mo tẹ 146.520 sí ṣánẹ́lì kìíní láti orí rédíò, mo fà á jáde. Mo yí i sí 146.525, mo tún fà á jáde. Nínú gbogbo báìtì tó wà níbẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ló yàtọ̀: 20 ti di 25. Mo wo àwọn tó yí i ká, mo rí 00 20 65 14. Mo fẹjú mọ́ ọn títí. Ìgbà tí mo kà á láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú ló tó là sí mi: 14 65 20 00. Fíríkúẹ́ńsì mi ni, ó kàn ń fi ẹ̀yìn rìn! Mo pariwo, àwọn ará ilé rò pé nǹkan ṣe mí.

Nínú CHIRP, lbcd ni wọ́n ń pe irú èyí. Ìlà kan báyìí, lbcd rxfreq[4];, ti tó láti ṣàlàyé rẹ̀. Ohùn 88.5 Hz, ohùn kékeré tí rédíò ń fi bá ọ̀rọ̀ rìn kí rédíò kejì lè ṣí etí, ní tirẹ̀ wà níbẹ̀ bíi 75 03, tó jẹ́ 885 tí a bá kà á láti ẹ̀yìn, 0375, tí a sì yí i padà láti hex sí nọ́ńbà lásán. Báìtì 16 ni ṣánẹ́lì kọ̀ọ̀kan ń gbà, èyí tó ṣófo sì kún fún FF. Orúkọ ṣánẹ́lì ni kò sí níbi tí mo retí. Mo wá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ fún odindi ọjọ́ méjì, àṣé wọ́n ti lọ kó gbogbo orúkọ jọ sí ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún.

Lẹ́yìn ìyẹn, get_memory àti set_memory ò le. Ẹ kàn ń sọ fún CHIRP bí yóò ṣe kà á àti bí yóò ṣe kọ ọ́. Mo tan ipò àwọn tó ń kọ kóòdù (developer) nínú CHIRP, mo fi Load Module gbé fáìlì mi wọlé, ó ṣiṣẹ́, mo sì rò pé mo ti parí. Ìdánwò wọn ló dá mi padà. CHIRP máa ń mú fáìlì .img tí ẹ fi sílẹ̀, á kọ oríṣiríṣi nǹkan sí i, á tún kà á padà wò bóyá ohun tó kọ ló rí. Ó kọ DCS (kóòdù onínọ́ńbà tó ń ṣí etí rédíò) tí wọ́n yí padà, R, driver mi dá N, èyí tí wọn ò yí, padà fún un. Mi ò lo DCS rí láyé mi, ǹ bá má mọ̀ títí dòní.

Ẹni tó yẹ kóòdù mi wò béèrè ìdí tí mo fi ṣe àdàkọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlà láti inú driver mìíràn dípò kí n jogún class rẹ̀, kí tèmi kàn máa lo kóòdù tó ti wà níbẹ̀. Ojú tì mí díẹ̀. Mo gé e kúrò, ó sì wọlé.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Tèmi kì í ṣe rédíò tuntun, driver àtijọ́ ni mo gbé láti Python 2 lọ sí Python 3. Rédíò ò dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni CHIRP ń wí. Mo pààrọ̀ bátìrì, mo pààrọ̀ kọ̀ǹpútà. Níkẹyìn mo ní kó tẹ ohun tó gbà jáde fún mi. Rédíò ti ń dáhùn 06, ìyẹn "mo gbọ́", látàárọ̀! Kóòdù ló ń fi "\x06" wé b"\x06", ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, èkejì jẹ́ báìtì, Python 3 sì gbà pé àwọn méjèèjì ò lè bára dọ́gba láé. Lẹ́tà b kan péré ni mo fi kún un. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi wá lẹ́tà b.

*

Ẹ̀yin ń sọ kóòdù, wáyà tó so rédíò mọ́ kọ̀ǹpútà ló ń fìyà jẹ èmi. Pẹ̀ẹ́gì elétí méjì tó wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ẹ máa tì í bọ ihò rédíò tí ẹ ó rò pé ó ti wọlé. Kò tíì wọlé. Ṣe ni kí ẹ tì í títí tí yóò fi dún tọ́. Orí kóòdù tí kò ní àléébù kankan ni mo ti lo alẹ́ mẹ́ta. Wáyà tí wọ́n fi ayédèrú chip ṣe náà ń bẹ, tí driver inú Windows kì í gbà. Bí ó bá kọ̀ fún yín, ẹ dán an wò lórí Linux kí ẹ tó fọwọ́ kan ìlà kan.

*

Èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyí o. Rédíò kejì ti wà lórí tábìlì mi láti ọjọ́ Àìkú, kò dá mi lóhùn rárá, mo sì ti tún sync_in, apá driver tó ń fa mẹ́mórì jáde, kọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ jẹ́ kí n lọ ti pẹ̀ẹ́gì yẹn wò ná.