Wọ́n ní kí bàbá ọmọ wá fún àwọn ní ẹ̀jẹ̀, bàbá sì wà l'Óṣogbo

Ìyá Mofẹ́, Leeds
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ọmọ Òròkí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti sú mi. Ọmọ mi ọkùnrin á pé ọdún mẹ́rin lóṣù tó ń bọ̀, ọdún méjì ààbọ̀ ló tó rìn, títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí "mámà" nìkan ló ń bọ́ lẹ́nu ẹ̀, gìrì sì ti gbé e lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n yẹ krómósóòmù ẹ̀ wò lọ́dún tó kọjá, ìyẹn àwọn okùn tí jíìnì tò sí, wọn ò rí nǹkan kan. Ní báyìí dókítà jẹnẹ́tíìkì ní àwọn fẹ́ ka gbogbo jíìnì ẹ̀ pátá, àmọ́ àwọn fẹ́ ẹ̀jẹ̀ èmi àti bàbá ẹ̀ mọ́ ọn. Bàbá ẹ̀ rèé ní Òkè-Fìà, físà ò tíì jáde. Mo pè é, ó ní kò sírú ẹ̀ rí nílé àwọn, kí n lọ wo ìdílé tèmi. Ibẹ̀ ni ìyá ọkọ mi ti gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní kí ni òyìnbó fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ àwọn ṣe. Ṣé dandan ni ẹ̀jẹ̀ bàbá ni, àbí kí n jẹ́ kí wọ́n máa fi tèmi nìkan ṣe é?

Ẹ̀gbọ́n Láńre, Manchester
Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Lábù ni mo ti ń jẹun, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe yé mi. Ẹ rántí ilé kéú. Álífáà á kọ ọ̀rọ̀ sí wàláà, ọmọ kéú á wò ó kọ sí tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé wàláà ọmọ nìkan wá fún mi, mo lè rí lẹ́tà kan tó ṣe bákan, ṣùgbọ́n mi ò lè mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni Álífáà ṣe kọ ọ́ àbí ọwọ́ ọmọ ló yẹ̀. Ó dìgbà tí mo bá gbé méjèèjì síra wọn. Jíìnì ni ọ̀rọ̀ orí wàláà yẹn, òun lara fi ń mọ bó ṣe máa dàgbà. Ọmọ tiwa wàláà méjì ló wò kọ, ti bàbá àti ti ìyá. Kò sì sẹ́ni tó wò ó kọ tí ò ṣì í kọ, gbogbo wa pátá la gbé nǹkan bí 60 àṣìkọ tuntun wáyé, tí kò sí lára bàbá, tí kò sí lára ìyá, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò sì ṣe wá ní nǹkan kan. Ọjọ́ tí ẹyọ kan bá lọ bọ́ sórí jíìnì tí ọpọlọ ọmọ fi ń dàgbà ni wàhálà dé.

Ìyẹn ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ sọ fún ọkọ yín pé "kò sírú ẹ̀ rí nílé wa" ò dá ẹnikẹ́ni láre, kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Bó ṣe máa ń rí gan-an nìyẹn. Wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan ní UK àti Ireland, àwọn Sanger Institute, ilé ìwádìí jíìnì nítòsí Cambridge, wà nídìí ẹ̀, ọmọ tó lé ní 13,000 ni wọ́n yẹ̀ wò, gbogbo wọn ni ìdàgbàsókè wọn ní ìṣòro tó le. Èsì tó jáde lọ́dún 2023 ni pé nínú 100, bíi 41 ló rí ìdáhùn, nínú àwọn tó rí ìdáhùn yẹn, nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin ló jẹ́ àṣìkọ tuntun, ara ọmọ nìkan ló wà. Ohun tó sì ṣèrànwọ́ jù fún ìdáhùn yẹn ni pé ẹ̀jẹ̀ ìyá àti bàbá wà nílẹ̀.

Èyí tó ká mi lára níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ tí ìran wọn ti Áfíríkà wá kì í sábà rí ìdáhùn tó àwọn tó kù. Òyìnbó ló kún inú àkójọ jíìnì tí wọ́n fi ń díwọ̀n, torí náà tí wọ́n bá rí lẹ́tà kan lára ọmọ Yorùbá tí wọn ò rí rí, wọn ò lè sọ bóyá àìsàn ni tàbí bí àwa ṣe ń kọ tiwa nìyẹn, wọ́n á kàn kọ VUS síwájú ẹ̀, ìyẹn ni pé kò tíì yé àwọn. Ẹ̀jẹ̀ bàbá lè yanjú irú ẹ̀ kíá: tí bàbá tára ẹ̀ le bí òkúta bá ní lẹ́tà yẹn náà, kò jọ pé òun nìkan ló fà á.

Ìyá Ìbejì, Houston
Ẹ̀gbọ́n ẹ ṣeun. Ṣé gbogbo ẹ̀ náà ni tuntun ni? Torí àbúrò ọkọ mi kan, ọmọkùnrin méjì ló bí, àwọn méjèèjì ló rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Láńre, Manchester
Rárá o. Òmíì dà bí AS àti AS tí gbogbo wa mọ̀, ara bàbá le, ara ìyá le, kálukú gbé ẹyọ kan dání láìmọ̀, ọmọ wá kó méjèèjì, oyún kọ̀ọ̀kan 1 nínú 4. Òmíì sì wà lórí krómósóòmù X tí ìyá ń gbé fún ọmọkùnrin. Ẹni tó bí ọmọkùnrin méjì bẹ́ẹ̀, kó béèrè tẹ́ẹ̀sítì àìsàn kan tó ń jẹ́ Fragile X lórúkọ. Lẹ́tà mẹ́ta kan náà ni wọ́n ń tún kọ tún kọ nínú jíìnì FMR1, tó bá ti ju 200 ìgbà lọ jíìnì yẹn á pa ẹnu dé, àwọn ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń ka jíìnì sì máa ń fo irú ẹ̀ kọjá, tẹ́ẹ̀sítì tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Tó bá jẹ́ tuntun, ọmọ tó kàn kì í sábà ní i, bí 1 nínú 100 ni wọ́n máa ń sọ. Ẹ rí i pé ìdáhùn yẹn kì í ṣe tọmọ tó wà ńlẹ̀ nìkan.

Ìyá Ìbejì, Houston
Háà. Màá sọ fún un lálẹ́ yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ má dúró de jíìnì kankan o, tọ́mọ ò bá tíì pé 3 ẹ pe Early Intervention fúnra yín, ètò ìjọba tó ń ran ọmọ kékeré tó ń pẹ́ dàgbà lọ́wọ́, kò dìgbà tí dókítà bá kọ̀wé. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ra life insurance ẹ rà á kẹ́ ẹ tó ṣe tẹ́ẹ̀sítì, òfin GINA ti 2008 ń dáàbò bo yín níbi iṣẹ́ àti health insurance, kò dé ibi life insurance.

Bàbá Kẹ́hìndé, Birmingham
Ìyá Mofẹ́, èmi gan-an ni ọkọ yẹn lọ́jọ́ kìíní. Ìta-Olóòkan ni mo wà tí ìyàwó mi ń pariwo ẹ̀jẹ̀ lórí fóònù, mo ní kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Wọ́n fi tìyàwó àti tọmọ bẹ̀rẹ̀, VUS méjì ló jáde. Nígbà tí mo wá lo ìsinmi ni mo lọ fún wọn ní tèmi, a tún dúró bí oṣù méje, ọ̀kan jáde pé èmi ni mo ni ín, èkejì jẹ́ tuntun, òun náà sì ni ìdáhùn tá à ń wá. Torí náà, ẹ bi genetic counsellor yín, ẹni tó ń la ọ̀rọ̀ jíìnì yé òbí, bóyá lábù wọn á gba ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ láti Nàìjíríà, tí wọ́n bá ní rárá, kí wọ́n fi tiyín bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n sì ṣí fáìlì ẹ̀ sílẹ̀ de bàbá.

Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí: tẹ́ẹ̀sítì ẹlẹ́ni mẹ́ta yìí máa ń fi hàn tí bàbá kì í bá ṣe bàbá. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí. Ẹni tó bá mọ nǹkan tó wà lápò ẹ̀, kó lọ bá counsellor ní kọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀.

Àti ìwé o. EHCP ti síkùl, ìyẹn ìwé ìrànwọ́ fún ọmọ tó nílò àbójútó pàtàkì, òbí lè kọ̀wé sí káńsù fúnra ẹ̀, kò nílò orúkọ àìsàn kankan, ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n ní láti fi dá yín lóhùn. Àwa tí wọ́n kọ "no recourse to public funds" sí físà wa, ìyẹn ni pé a ò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba, EHCP ò sí lára public funds, DLA, owó tí wọ́n ń fún ọmọ tó ní àìlera, ló wà lára ẹ̀, ẹ má lọ fọwọ́ kan DLA láìbéèrè lọ́wọ́ lọ́yà.

Ìyá Mofẹ́, Leeds
Olúwa á bù sí i fún yín. Èyí tó ṣì kù ni ìyá ọkọ mi. Wọ́n ní àwọn ti bu omi Ọ̀ṣun sílẹ̀, ẹnì kan á gbé e bọ̀ fún ọmọ láti mu, kí n dá oògùn gìrì tòyìnbó dúró kí omi lè ráyè ṣiṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Láńre, Manchester
Ẹ má dá oògùn yẹn dúró! Kéèyàn já a lójijì, gìrì lè gbé ọmọ tí kò ní fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀. Odò Ọ̀ṣun wa ni, mi ò bú u, àmọ́ lọ́dún 2022 ìjọba Ọ̀ṣun fúnra wọn kìlọ̀ pé kí wọ́n má mu ún mọ́ torí ìdọ̀tí àwọn tó ń wa góòlù. Kí màmá fi gbàdúrà lọ́hùn-ún.

Màmá Nọ́ọ̀sì, Peckham
Ẹ ti sọ gbogbo ẹ̀ tán, ẹ fo tiwa gangan. Mo gbẹ̀bí fún ọgbọ̀n ọdún. Ìyá àgbà kan wá láti ilé láti wẹ ọmọ, ó kó aṣọ tọ́mọ tó ṣáájú lò wá, kánfọ̀ ló fi dì í mọ́ àpótí. Ọjọ́ kẹrin ojú ọmọ pọ́n bí ìbẹ́pẹ tó ti pọ́n, wọ́n ń gbé e sóòrùn lójú wíńdò, wọ́n ní ibà pọ́njú lásán ni. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù ibà pọ́njú yẹn ti wọ ọpọlọ. Ọmọ yẹn ò gbọ́ràn dòní, ọrùn ẹ̀ ò dúró.

Jíìnì ni òun náà, G6PD lorúkọ ẹ̀, orí X ló wà, ní ilẹ̀ wa bí ọkùnrin 1 nínú 5 ló ní àbùkù ẹ̀, ara wọn á le koko títí nǹkan bíi kánfọ̀ á fi kàn án, ẹ̀jẹ̀ á wá máa fọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbà ní gìgísẹ̀ ọmọ ọlọ́jọ́ 5 níbí kì í wò ó, ẹ̀yin lẹ máa sọ fún midwife pé ìran yín ní i. Ọmọ dúdú, ẹ má wo awọ ara ẹ̀, ẹ wo ẹyinjú, èrìgì àti àtẹ́lẹwọ́. Tó bá ti pọ́n, iná búlúù ti ọsibítù ló ń wò ó, oòrùn wíńdò kọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn jíìnì tẹ́ ẹ̀ ń sọ bọ̀ látàárọ̀, kò sóhun téèyàn fẹ́ ṣe tí wọn ò ní ṣẹlẹ̀. Èyí, kánfọ̀ lásán la ò ní fi sápótí.

Ìyá Mofẹ́, Leeds
Màmá, mo ń lọ yẹ àpótí mi wò báyìí. Mo fi ti wàláà yẹn ránṣẹ́ sí ọkọ mi, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní òun rántí pàṣán Álífáà àwọn. Ó wá ní kí n béèrè ibi tí wọ́n ti ń gba itọ́ yẹn. Ìyá ẹ̀ ní tó bá jẹ́ itọ́ ni, àwọn náà ní.

Màmá Nọ́ọ̀sì, Peckham
Ta ni ń bọ̀ láti Òṣogbo lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Kó bá mi mú ìrú dání, kó má fi sínú àpótí tó ní kánfọ̀.