Mọ́tò tó ń tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀ láìsí nǹkan níwájú: ẹ wá sọ ohun tí ẹ mọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ bíréèkì pàjáwìrì tó ń dá ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní AEB, ti wá ń pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí ọ̀pọ̀ tókúnbọ̀ módẹ́ẹ̀lì 2017 sókè ló ní in. Ohun tí àwọn oníbàárà ń sọ kò yàtọ̀ síra: ọkọ̀ ń lọ jẹ́jẹ́, ọ̀nà ṣófo, ó dédé ké, ó kọ "BRAKE!" sí dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sì dúró gbì. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó sọ ibi tó ti ń wá àti ohun tó yẹ ká yẹ̀ wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ fún wa pé ká yọ fíúsì.

Láti Ìbàdàn (rewáyà)

Ìbéèrè kan ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi oníbàárà: ṣé ojú ibì kan náà ló ti máa ń ṣe é, àbí ibi gbogbo? Bó bá jẹ́ ojú ibì kan, bíi ẹnu géètì ẹ̀sìtéètì, ojú irin rélùwéè tàbí abẹ́ bíríìjì kan báyìí, ọ̀nà ló ń dà á láàmú. Bó bá ń ṣe é káàkiri, ara ọkọ̀ ni kí ẹ wò. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í béèrè, wọ́n á kàn ní kí oníbàárà ra bíréèkì páàdì àti másítà tuntun. Kò sí ohun tó ṣe bíréèkì o. Àṣẹ tí wọ́n fún bíréèkì ló jẹ́ àṣìṣe.

Ojú méjì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí fi ń wo iwájú. Rádà, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò wá ohun tó wà níwájú, máa ń wà lẹ́yìn àmì ilé-iṣẹ́ tó wà lára girílì, tàbí nísàlẹ̀ bọ́ńpá. Kámẹ́rà wà lókè gíláàsì iwájú, lẹ́yìn dígí àárín. Rádà mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó àti bó ṣe ń sáré tó, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ mọ gíga, nítorí náà pátákó irin tó wà lókè ọ̀nà lè dà bí ọkọ̀ tó dúró lójú rẹ̀. Kámẹ́rà mọ ìrísí, ṣùgbọ́n òjìji àti oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń tàn án. Kọ̀ǹpútà á wá ṣírò iye ìṣẹ́jú-àáyá tó kù kí ọkọ̀ tó kọlu ohun tó rí. Bó bá ti kéré ju bó ṣe yẹ lọ, ó tẹ bíréèkì nìyẹn.

Ìwé ìlò ọkọ̀ Toyota pàápàá kò fi í pamọ́. Lára ibi tó ní ó ti lè ṣẹlẹ̀ ni orí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi bo ojú ọ̀nà, abẹ́ pátákó tó rẹlẹ̀, ibi tí ewé tàbí báńà ti rọ̀ sílẹ̀, ẹnu tólgéètì tó ní ọ̀pá ìdènà, inú èéfín, àti ibi tí kọ́ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ tí irin tàbí òpó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Èwo ni kò sí lójú ọ̀nà wa nínú wọn?

Láti Houston

Kẹ́nikẹ́ni má rò pé tókúnbọ̀ nìkan ló ń ṣe é. Níbí, NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀, ṣí ìwádìí sórí Nissan Rogue módẹ́ẹ̀lì 2017 àti 2018 lọ́dún 2019. Ojú irin rélùwéè, bíríìjì àti iná tráfíìkì tó rọ̀ sílẹ̀ wà lára ohun tó ń dẹ́rù bà á, sọ́fútíwíà tuntun ni ilé-iṣẹ́ náà sì fi wá ojútùú sí i. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìwádìí kan Honda CR-V 2017 sí 2019 àti Accord 2018 sí 2019. Oṣù yẹn náà ló kan Tesla Model 3 àti Model Y 2021 sí 2022, nǹkan bí ọkọ̀ 416,000, lẹ́yìn tí ẹ̀sùn 354 ti dé iwájú àjọ náà.

Nítorí náà, bí ọkọ̀ yín kò bá ní àpá ìjàm̀bá kankan, ẹ kọ́kọ́ wo VIN rẹ̀, nọ́ńbà oníàmì 17 yẹn, lórí ìkànnì NHTSA. Ọ̀fẹ́ ni. Á sọ bóyá wọ́n ti pe irú ọkọ̀ náà padà fún àtúnṣe tí ẹni tó ní in tẹ́lẹ̀ kò sì gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀: ìwé àtúnṣe tí ilé-iṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ sí àwọn oníṣẹ́ wọn kì í ṣe ìpè-padà, ojú ewé ọ̀tọ̀ ló wà, ibẹ̀ ni ẹ ti sábà máa ń rí ọ̀rọ̀ sọ́fútíwíà tuntun.

Òfin tuntun ti jáde níbí ní oṣù Kẹrin 2024, FMVSS 127, tó ní kí gbogbo ọkọ̀ kékeré ní AEB kó tó di oṣù Kẹsàn-án 2029. Àyẹ̀wò méjì ló wà nínú rẹ̀ fún bíréèkì àìnídìí: kí ọkọ̀ gba orí irin pẹlẹbẹ kọjá, àti kó gba àárín ọkọ̀ méjì tó dúró kọjá, méjèèjì lórí eré 80 km/h. Bíréèkì tó bá fi kún un fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 0.25 g lọ, ìyẹn ìdámẹ́rin agbára òòfà ilẹ̀. Lójú tèmi, méjì kéré. Kò sí abẹ́ bíríìjì níbẹ̀, kò sí kọ́ọ̀nà.

Láti Èkó (páńẹ́lì bítà àti kálíbréṣọ̀n)

Ọ̀rọ̀ wa gan-an nìyí. Tókúnbọ̀ tó ti gbá nǹkan níwájú ni ìṣòro tó pọ̀ jù. Bí rádà bá fi dígíríì kan péré yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ní 100 mítà ó ti fi nǹkan bí mítà 1.75 ṣìnà. Ojú ọ̀nà ọkọ̀ kan kò ju mítà 3.65 lọ. Ọkọ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ yín ló ń wò bí ẹni pé iwájú yín ló wà, nígbà tó bá sì rí tírélà tó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di bíréèkì.

Ẹ tú bọ́ńpá. Ẹ fọwọ́ mì rádà náà: kò gbọdọ̀ mì rárá. Ẹsẹ̀ rọ́bà bírákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ohun tó dì í mú, ló máa ń kán, ẹ óò sì rí i pé ẹnìkan ti fi okùn rọ́bà dè é mọ́lẹ̀. Kò sí kálíbréṣọ̀n, ìyẹn títún ojú rádà tò, tó lè dúró lórí okùn. Ẹ ra bírákẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo ohun tó wà níwájú rẹ̀. Bí rádà bá wà lẹ́yìn bọ́ńpá, fílà tí wọ́n fi ń dí ibi tó tẹ̀ àti ọ̀dà tó nípọn lójú ibẹ̀ á dí i lójú, pàápàá ọ̀dà tó ní lúúlúù irin nínú. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn àmì ilé-iṣẹ́ ló wà, ẹ má fi èyí tó ń dán yinrinyinrin tí wọ́n ń tà lọ́jà rọ́pò rẹ̀: èyí tó bá ọkọ̀ wá jẹ́ irú tí ìgbì rádà ń gbà kọjá, ti ọjà kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Bọ́ńpá irin tí àwọn kan ń so síwájú jíìpù náà, ẹ tú u.

Ẹ tún wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Bí sípíríǹgì ẹ̀yìn bá ti rọ̀, tàbí tí ẹrù kún búùtù, imú ọkọ̀ á gbé sókè, rádà á sì máa wo bíríìjì àti pátákó dípò ọ̀nà. Ìyẹn ló fà á tí ọkọ̀ kan á fi máa ṣe dáadáa ní ọjọ́ lásán, tó bá wá di ọjọ́ tó kó ẹrù ọjà, wàhálà.

Ètò kálíbréṣọ̀n: táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ó jẹ́ sáìsì kan náà pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó pé, búùtù kí ó ṣófo, ilẹ̀ kí ó tẹ́jú, kí ẹ so ṣájà mọ́ bátìrì. Aláínìmẹ́ńtì ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, nítorí ibi tí táyà ẹ̀yìn kọjú sí ni ọkọ̀ ń lọ, ibẹ̀ sì ni rádà gbọ́dọ̀ kọjú sí. Ìgbà náà ni ẹ óò gbé irin onígun mẹ́ta tó ń dá ìgbì rádà padà síwájú ní ibi tí ìwé ọkọ̀ yẹn bá sọ, kí ẹ wọn ọ̀nà jíjìn rẹ̀ pẹ̀lú téèpù, kì í ṣe ẹsẹ̀, kí skánà, ẹ̀rọ tó ń bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀, ṣe ìyókù.

Láti London

Mo fi ti gíláàsì kún un. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pààrọ̀ gíláàsì iwájú ni ó yẹ kí wọ́n tún kámẹ́rà tò. Àwọn ọkọ̀ kan ń fẹ́ pátákó àwòrán tí wọ́n gbé síwájú wọn nínú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn mìíràn ní kí ẹ wà wọ́n lójú títì tó ní ìlà funfun tó hàn kedere. Ẹ̀yin tó wà nílé, títì tí ìlà rẹ̀ ti parẹ́ kò lè parí iṣẹ́ yẹn. Ẹ wá ibi tí ìlà wà kí ẹ tó so skánà. Tíńtì kò sì gbọdọ̀ kan ojú kámẹ́rà.

Àwọn ọkọ̀ tó tẹ̀ lé ìlànà UN 152, ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí AEB, gbọ́dọ̀ jẹ́ kí awakọ̀ borí bíréèkì náà. Ó dára kí ẹ mọ èyí, torí bíréèkì yẹn lágbára: ó kéré tán, 5 m/s², ìyẹn ni pé eré ń fi 18 km/h dín kù ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan.

Láti Ìbàdàn, lẹ́ẹ̀kan sí i

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n London. Fún awakọ̀ nígbà náà: ẹ wo dígí ẹ̀yìn, bí iwájú bá ṣófo lóòótọ́, ẹ tẹ tọ́rótù wọlẹ̀ gidi, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ á jọ̀wọ́ bíréèkì. Lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ lè dín ìfura rẹ̀ kù láti orí èyí tó ń tètè kìlọ̀ sí èyí tó ń pẹ́. Bí ẹ bá pa á pátá, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ á tún tàn bí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì tí ẹ sì tún un ṣí. Ẹ pa á nígbà tí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ fọ ọkọ̀, tí wọ́n bá ń fà á, tàbí tí ẹ gbé e sórí jáàkì tí táyà ń yí.

Kí ẹ tó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ibi tó ti ṣẹlẹ̀, eré, ìhà tí oòrùn wà, ẹrù tó wà nínú ọkọ̀, ohun tó wà lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú bátìrì tàbí pa kóòdù àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rẹ́ kí skánà tó kà á. Àkọsílẹ̀ eré àti ohun tí rádà rí wà pẹ̀lú kóòdù yẹn nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Bó bá ti lọ, ìméfò ni gbogbo wa ó máa ṣe.