Irú ilẹ̀ wo ni ó rọrùn láti tọ́jú nínú ilé adìẹ ẹ̀yìnkùlé?

Ẹlẹ́yin Ìkòròdú:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kọ́ ilé adìẹ kékeré kan sí ẹ̀yìnkùlé wa, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 3, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 2, fún adìẹ ẹlẹ́yin bíi 20. Ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń rin gbingbin lásìkò òjò. Ẹnì kan ní kí n tẹ́ pákó, òmíràn ní kí n lẹ táìlì nítorí pé ó rọrùn láti nù, ọkọ mi sì ní kí a fi ilẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èwo nínú wọn ni kò ní sọ mí di ẹrú ìgbálẹ̀ àti omi?

Ọmọ Birikilà:
Ẹ ǹ lẹ́, mà. Kọnkéré ni kí ẹ dà. Pákó a máa mu omi ìgbẹ́ adìẹ, òórùn rẹ̀ kì í sì í lọ mọ́. Ikán yóò jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀, àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ń mu ẹ̀jẹ̀ adìẹ lóru yóò sì fi àárín pákó méjì ṣe ilé. Ní ti ilẹ̀ lásán, eku a máa gbẹ́ ihò wọlé, ejò a sì tẹ̀ lé eku. Ẹ fi ìlà búlọ́ọ̀kù kan gbé ilẹ̀ náà sókè, kí ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ pupa kún inú rẹ̀, kí ẹ gún un dáadáa, kí ẹ tó da kọnkéré tó nípọn tó íńṣì 3 lé e lórí: sìmẹ́ńtì ìwọ̀n kan, yanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń gbàgbé ni pé ó yẹ kí ilẹ̀ náà máa lọ sílẹ̀ síhà ẹnu ọ̀nà ní sẹ̀ǹtímítà 2 lórí mítà kọ̀ọ̀kan, kí omi lè ṣàn jáde fúnra rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, adágún ni ẹ kọ́. Ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7 kí ó má baà là, torí pé inú ibi tó là ni ìgbẹ́ máa ń há sí.

Ìyá Adìẹ, Ìbàdàn:
Òótọ́ ni Ọmọ Birikilà sọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó dán jù. Ilẹ̀ tó ń yọ̀, bíi ti táìlì, a máa mú kí ẹsẹ̀ òròmọdìẹ ya sọ́tùn-ún sósì, ó sì lè má dúró dáadáa mọ́.

Ẹ̀yin ń ronú nípa fífọ̀, gbígbẹ ni èmi ń rò. Àrùn tí ń mú adìẹ ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní coccidiosis, nílò ọ̀rinrin àti ooru kí ẹyin kòkòrò rẹ̀ tó lè ran adìẹ, ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò tí a ń dà sílẹ̀ kò sì ràn án. Nítorí náà, ẹni tó ń da omi sílẹ̀ lójoojúmọ́ nígbà tí adìẹ ṣì wà nínú ilé ń tọ́jú àrùn ni. Ẹ tẹ́ èérún pákó tí ẹ̀rọ fá jáde ní sọ́míìlì, tàbí èèpo ìrẹsì, sórí kọnkéré náà kó nípọn tó íńṣì 3. Kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú pákó o, torí pé eruku rẹ̀ ń dí èémí adìẹ. Ẹ máa yí i po, kí ẹ máa kó èyí tó bá tutù lábẹ́ ìkòkò omi wọn kúrò kíá. Ìgbà tí ẹ bá ń kó adìẹ kúrò pátápátá ni kí ẹ fọ ilẹ̀, kí ó sì gbẹ táútáú kí àwọn tuntun tó wọlé.

Baba Àkùkọ:
Bí ilé bá ga lórí ẹsẹ̀, àwọn kan ń fi nẹ́ẹ̀tì onírin ṣe ilẹ̀ kí ìgbẹ́ lè já sísàlẹ̀. Èmi kì í gbà á fún adìẹ tó sanra, torí pé irin a máa dá egbò sí wọn ní àtẹ́lẹsẹ̀. Igi tí wọ́n ń sùn lé ni kí ẹ wò: ibẹ̀ ni ìgbẹ́ máa ń pọ̀ sí jù. Ẹ gbé pákó tí ẹ tẹ́ rọ́bà kápẹ́ẹ̀tì lé sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa ha á láràárọ̀.

Ẹlẹ́yin Ìkòròdú:
Ẹ ṣé púpọ̀. Kí ni kí n wá fi táìlì tó kù lẹ́yìn tí a kọ́ ilé ìdáná ṣe?

Ọmọ Birikilà:
Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri nínú ilé adìẹ náà, ìlà méjì péré, níbi tí ìgbẹ́ máa ń ta sí. Aṣọ tútù ti tó láti nù ún.